Orí Kẹjọ: Ìgbàtọ́ àti Ìsọdọmọ, Wíwá Òbí fún Ọmọ

Èròǹgbà orí yìí

Lẹ́yìn tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti ka orí yìí tán, ó yẹ kí ó lè:

- ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìgbàtọ́ àti ìsọdọmọ;
- sọ ẹni tí òfin Nàìjíríà gbà láàyè láti sọ ọmọ di tirẹ̀, kí ó sì sọ ohun tó fà á;
- to ìgbésẹ̀ tí ẹni tó fẹ́ gba ọmọ yóò gbé lẹ́sẹẹsẹ;
- sọ ìdí tí ọmọ fi nílò ẹbí ju ilé ìtọ́jú lọ;
- ṣàlàyé ojú tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù àti òfin ogún fi ń wo ọmọ tí a gbà.

8.1 Ìfáàrà

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lọ sí ọ́fíìsì wẹ́fíà láti béèrè nípa ọmọ gbígbà jẹ́ tọkọtaya tó ti ń retí ọmọ láti ọjọ́ pípẹ́. Ìrora wọn kì í ṣe kékeré. Ìyá ọkọ ń béèrè, àwọn ojúgbà ń ṣe ìsọmọlórúkọ lọ́dọọdún, àdúrà kò sì kúrò lẹ́nu wọn. Abájọ tó fi jẹ́ pé ìbéèrè tí wọ́n máa ń gbé wá ni: "Níbo la ti lè rí ọmọ?"

Ìbéèrè mìíràn ni òfin gbé síwájú: "Ta ni yóò ṣe òbí ọmọ yìí?" Nínú ìbéèrè àkọ́kọ́, àgbàlagbà ló ń wá nǹkan. Nínú èkejì, ọmọ ló nílò nǹkan, àgbàlagbà ló sì gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun yẹ. Gbogbo ohun tí a óò kọ́ nínú orí yìí, ìbáà ṣe ọjọ́ orí tí òfin là sílẹ̀, ìbẹ̀wò òṣìṣẹ́ wẹ́fíà, tàbí oṣù tí a fi ń dúró, inú ìbéèrè kejì yìí ló ti wá. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò rò pé ìjọba kàn ń fi ìyà jẹ àwọn tó ń wá ọmọ ni. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n yóò rí i pé ọgbà ni òfin ń ṣe yí ọmọ ká.

8.2 Ọmọ títọ́ láàárín ẹbí

Kí òfin ìjọba tó dé ni Yorùbá ti ń gba ọmọ tọ́. Ojú kan ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Bí abiyamọ bá kú lórí ìkúnlẹ̀, ìyá rẹ̀ tàbí àbúrò rẹ̀ obìnrin ni yóò gbé ìkókó náà. Ọmọ tó bá ya ìpátá lè lọ máa gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tí kì í gba gbẹ̀rẹ́. Ẹni tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ ń gbé lọ́dọ̀ ọ̀gá. Ẹni tó fẹ́ kàwé ń lọ bá àǹtí tàbí bùrọ̀dá rẹ̀ ní ìlú tí ilé ìwé wà. Ọmọ àgbàtọ́ báyìí kò pàdánù orúkọ bàbá rẹ̀, oríkì rẹ̀ kò yí padà, gbogbo ẹbí ló sì mọ agboolé tó ti wá. Nígbà ọdún, ó ń lọ kí àwọn òbí rẹ̀. Nígbà ìnáwó, wọ́n ń rí i.

Agbára ètò yìí ni pé kì í sọ ọmọ di àjèjì. Àléébù rẹ̀ ni pé ọwọ́ alágbàtọ́ nìkan ni ohun gbogbo wà. Bí ó bá jẹ́ ẹni rere, ọmọ náà yóò rí ìtọ́jú. Bí ó bá jẹ́ òǹrorò, kò sí ẹni tí yóò kan ilẹ̀kùn wá wo ibi tí ọmọ ń sùn. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n mú wá láti abúlé pẹ̀lú ìlérí ilé ìwé ló di ọmọ ọ̀dọ̀. Òun ló ń kọ́kọ́ jí, òun ló ń sùn kẹ́yìn, òun ló ń kiri ọjà nígbà tí àwọn ọmọ onílé bá wà ní kíláàsì. A kò gbọdọ̀ pe èyí ní ìgbàtọ́. Ẹni tó gba ọmọ nítorí iṣẹ́ ilé kò gba ọmọ tọ́.

Àléébù kejì ni pé ọmọ tó ní ẹbí nìkan ni ètò yìí lè gbà là. Ọmọ tí wọ́n bá lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì tàbí lẹ́bàá ààtàn kò ní ẹ̀gbọ́n bàbá tí ẹnikẹ́ni mọ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló mú kí òfin di dandan.

Àwọn kan máa ń fi òwe di ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́nà. Wọ́n á ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ẹni tó pa ọmọ tirẹ̀ tì ni òwe náà ń bá wí. Kò ní kí a fi ọmọ tí kò lẹ́nìkan sílẹ̀ láìní ìlẹ̀kẹ̀. Bí ilé ẹjọ́ bá sì ti fọwọ́ sí ìsọdọmọ, ọmọ náà ti di ọmọ ẹni.

8.3 Bí òfin ṣe dé

Ìlà-Oòrùn Nàìjíríà ló kọ́kọ́ ṣe òfin ìsọdọmọ lórílẹ̀-èdè yìí, ní 1965. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tirẹ̀ ní 1968. Ní 1989, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí Àdéhùn lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọdé, Nàìjíríà sì tẹ́wọ́ gbà á ní 1991. Láti inú àdéhùn yẹn ni Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ti jáde, èyí tí Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ buwọ́ lù ní oṣù Keje ọdún náà.

Lábẹ́ òfin yìí, ẹnikẹ́ni tí kò bá tíì pé ọdún 18 ni ọmọdé. Abala rẹ̀ àkọ́kọ́ gan-an sọ pé nínú ohunkóhun tó bá kan ọmọ, ire ọmọ ni kí a kọ́kọ́ wò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọdé wà lára ohun tí ìpínlẹ̀ ń ṣòfin lé lórí, nítorí náà ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní láti sọ òfin ọ̀hún di tirẹ̀. Èkó ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2007. Ti ìjọba àpapọ̀ ni a ó máa tọ́ka sí níbí. Ti ìpínlẹ̀ lè yàtọ̀ sí i níwọ̀nba, nítorí náà ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ wẹ́fíà ìpínlẹ̀ rẹ ni kí o ti fìdí ohun gbogbo múlẹ̀.

8.4 Ọ̀nà méjì tí a fi ń gba ọmọ

*Ìgbàtọ́* wà fún ìgbà díẹ̀. Ọmọ náà ń gbé lọ́dọ̀ òbí alágbàtọ́, wọ́n ń bọ́ ọ, wọ́n ń rán an lọ sílé ìwé, wọ́n ń gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n okùn tó so ó mọ́ àwọn òbí tó bí i kò tíì já. Bí ara ìyá rẹ̀ bá yá, tàbí tí bàbá rẹ̀ bá tún ìwà ṣe, ó lè padà sílé. Ìjọba lè gba ọmọ náà kúrò bí alágbàtọ́ bá ń ṣe é níkà. Ọmọ àgbàtọ́ kì í tìtorí ìgbàtọ́ di àrólé.

*Ìsọdọmọ* wà títí láé. Ilé ẹjọ́ nìkan ló lè ṣe é. Ní ọjọ́ tí adájọ́ bá fọwọ́ sí i, ẹ̀tọ́ àti ojúṣe àwọn òbí tó bí ọmọ náà dópin, ó sì bọ́ sí ọwọ́ àwọn òbí tuntun bí ẹni pé àwọn ló bí i nínú ìgbéyàwó wọn. Ọmọ náà ń jẹ́ orúkọ wọn. Kò lè fẹ́ ọmọ tí wọ́n fúnra wọn bí, nítorí ọmọ ìyá ni wọ́n lójú òfin. Òbí kò sì lè dá a padà bí ẹni dá ẹrù tí kò wù ú padà.

Ọ̀nà méjèèjì ló dára, ipò ọmọ ló ń sọ èyí tó tọ́. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ wà lórí àìsàn nílò ìgbàtọ́. Ìkà ni láti já okùn ìyá rẹ̀ nítorí pé ẹlòmíràn ń wá ọmọ. Ọmọ tí kò sí ẹni tí yóò padà wá mú un, ìkà náà ni láti máa gbé e láti ilé kan dé èkejì nígbà tó lè ní ilé tirẹ̀.

8.5 Ta ni òfin gbà láàyè?

Òfin 2003 là á sílẹ̀ báyìí fún ìsọdọmọ:

- Tọkọtaya lè jọ gba ọmọ bí olúkúlùkù wọn bá ti pé ọdún 25.
- Ẹni tó ti ṣègbéyàwó lè dá béèrè bí ọkọ tàbí aya rẹ̀ bá yọ̀ǹda.
- Ẹni tí kò ṣègbéyàwó gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 35, ọmọ tó máa gbà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ akọ bí òun náà bá jẹ́ akọ, abo bí òun náà bá jẹ́ abo.
- Olùbéèrè gbọ́dọ̀ fi ọdún 21, ó kéré tán, ju ọmọ náà lọ.
- Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, kí ó sì ti gbé fún ọdún márùn-ún, ó kéré tán, ní ìpínlẹ̀ tí ọmọ náà wà.
- Àwọn òṣìṣẹ́ tó ṣe ìwádìí gbọ́dọ̀ jẹ́rìí pé ó yẹ.

Kò sí èyí tí a kàn fi kún un lásán. Ọdún 21 tó wà láàárín wọn wà kí òbí lè jẹ́ òbí ní tòótọ́. Ọ̀rọ̀ akọ àti abo fún ẹni tó dá wà jẹ́ ìṣọ́ra kí àgbàlagbà má baà fi ìsọdọmọ bojú ba ọmọ jẹ́. Ọdún márùn-ún jẹ́ kí aládùúgbò wà tó lè jẹ́rìí ìwà olùbéèrè.

Ní ti ọmọ, ìsọdọmọ ṣeé ṣe bí àwọn òbí tàbí alágbàtọ́ tí òfin mọ̀ bá yọ̀ǹda láìsí ipá, tàbí bí wọ́n bá ti gbé ọmọ náà jù sílẹ̀, tí wọ́n pa á tì, tàbí tí wọ́n ń ṣe é níkà léraléra. Òṣì nìkan kò tó láti gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ìyá tí kò rí owó mílíìkì rà nílò ìrànlọ́wọ́, kò nílò ẹni tí yóò gba ọmọ rẹ̀.

8.6 Ìgbésẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ

1. *Ìfilọ̀.* Olùbéèrè gbọ́dọ̀ ti jẹ́ kí wẹ́fíà mọ èrò rẹ̀ ní oṣù 12, ó kéré tán, ṣáájú kí ilé ẹjọ́ tó pàṣẹ. Èyí ni ẹni tó bá ń kánjú kì í fẹ́ gbọ́.

2. *Ìwé ìbéèrè.* Àwọn ìwé tó gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e ni ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó tàbí ìwé ìbúra lórí rẹ̀, ìwé ìbí tàbí ìwé ìbúra ọjọ́ orí, fọ́tò pásípọ́ọ̀tù méjì fún olùbéèrè kọ̀ọ̀kan, àti ìwé dókítà láti ilé ìwòsàn ìjọba.

3. *Ìwádìí.* Òṣìṣẹ́ wẹ́fíà yóò wá sílé. Yóò wo ibi tí ọmọ yóò máa sùn, yóò béèrè bí owó ṣe ń wọlé, yóò bá ọkọ àti aya sọ̀rọ̀ papọ̀ àti lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí àwọn ọmọ mìíràn bá wà nínú ilé, ó yẹ kí ó gbọ́ ohùn tiwọn. Kì í ṣe ilé olówó ló ń wá. Ilé tó láàbò, tí ìfẹ́ wà, tí gbogbo ará ibẹ̀ mọ̀ pé ọmọ ń bọ̀, ni ó ń wá.

4. *Gbígbé papọ̀.* Ọmọ náà gbọ́dọ̀ gbé lọ́dọ̀ olùbéèrè fún oṣù mẹ́ta léraléra, ó kéré tán, kí àṣẹ tó jáde. Wẹ́fíà yóò máa bẹ̀ wọ́n wò. Nínú oṣù wọ̀nyí ni ọmọ máa ń sunkún lóru, tó máa ń fi oúnjẹ pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, tó máa ń dán òbí wò bóyá òun náà yóò lé òun. Sùúrù ni iṣẹ́ òbí nígbà náà.

5. *Ilé Ẹjọ́ Ìdílé.* Ilé ẹjọ́ yìí ní ẹ̀ka méjì: ọ̀kan ní ipele Ilé Ẹjọ́ Gíga, èkejì ní ipele Májísíréètì. Adájọ́ yóò ka àbájáde ìwádìí, yóò sì wo bí àṣẹ náà yóò ṣe ṣe ọmọ lóore.

6. *Ìforúkọsílẹ̀.* Wọ́n á kọ orúkọ ọmọ sínú Ìwé Àkọsílẹ̀ Àwọn Ọmọ Tí A Sọ Dọmọ.

8.7 Kí ló dé tí ẹbí fi ju ilé ìtọ́jú lọ?

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nílé ọmọ aláìlóbìí ń ṣe gudugudu méje. Ṣùgbọ́n olùtọ́jú kan kò lè gbé ọmọ mẹ́wàá mọ́ra lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí iṣẹ́ rẹ̀ bá sì parí nírọ̀lẹ́, yóò lọ sílé. Ọmọ nílò ẹnì kan tí kì í lọ.

Ẹ̀rí tó lágbára lórí èyí wá láti Bucharest, olú ìlú Romania. Nígbà tí ìjọba Nicolae Ceaușescu wó ní 1989, àgbáyé rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ tí wọ́n kó sí ilé ìtọ́jú ńláńlá. Ní 2000, àwọn onímọ̀ mẹ́ta láti Amẹ́ríkà, Charles Nelson, Charles Zeanah àti Nathan Fox, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ 136 láti irú ilé bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi ìbò pín wọn sí méjì. Wọ́n wá òbí alágbàtọ́ fún ìlàjì kan, ìlàjì kejì ń bá ìtọ́jú tí wọ́n ti ń rí tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ọpọlọ àwọn tó wà lọ́dọ̀ alágbàtọ́ jí pépé sí i, wọ́n sì lè fọkàn tán ènìyàn ju àwọn yòókù lọ. Èyí tó hàn jù ni pé àwọn tó kúrò nílé ìtọ́jú kí wọ́n tó pé nǹkan bí ọmọ ọdún méjì ló jèrè jù.

Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀ fún wa. Àkọ́kọ́, ọmọ kò gbọdọ̀ pẹ́ nílé ìtọ́jú nítorí fáìlì tó sùn sórí tábìlì. Èkejì, bí a kò bá tíì rí òbí, kí ilé ìtọ́jú fara jọ ilé. Ọ̀nà yìí ni SOS Children's Villages ń tọ̀, ẹgbẹ́ tí Hermann Gmeiner dá sílẹ̀ ní Austria ní 1949, tó sì ní ibùdó ní Ìsọlọ̀, nílùú Èkó. Ìwọ̀nba ọmọ ni wọ́n ń fi sábẹ́ ìyá kan nínú ilé kan, bí ẹbí.

8.8 Ọmọ rírà kì í ṣe ìsọdọmọ

Ìwé ìròyìn ń ròyìn léraléra nípa ibi tí wọ́n ń kó àwọn ọmọbìnrin pamọ́ sí kí wọ́n lè bímọ, tí wọ́n ń ta ìkókó náà fún ẹni tó bá lówó lọ́wọ́. Àwọn oníbàárà wọn máa ń sọ pé ìsọdọmọ làwọn ṣe. Òfin kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ra ọmọ tàbí tó tà á lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá jura lábẹ́ Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé. NAPTIP, àjọ tó ń gbógun ti fífi ènìyàn ṣòwò, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2003, tún lè fi òfin tirẹ̀ mú un.

Ọmọ tí a rà kò ní àkọsílẹ̀ tòótọ́, ìyá rẹ̀ kò yọ̀ǹda láìsí ipá, kò sì sí ilé ẹjọ́ tó sọ ọ́ di ọmọ ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ tí àṣírí bá tú, ọmọ yìí kan náà ni yóò tún pàdánù ilé lẹ́ẹ̀kejì. Àmì tí a fi ń mọ̀ wọ́n kò ṣòro: ẹni tó bá ní kí o san owó ọmọ, tó ní wẹ́fíà kò gbọdọ̀ gbọ́, tàbí tó ní kí o máa so aṣọ mọ́ ikùn kí ará àdúgbò lè rò pé o lóyún, ọ̀daràn ni.

8.9 Ẹ̀sìn àti ogún

Ọ̀pọ̀ Yorùbá jẹ́ Mùsùlùmí, wọ́n sì máa ń béèrè bóyá ẹ̀sìn gba ọmọ gbígbà láàyè. Ọmọ òrukàn ni Ànábì fúnra rẹ̀, ìtọ́jú ọmọ òrukàn sì wà lára iṣẹ́ rere tí Ìsìláàmù gbé ga jù. Ohun tí Súrà Al-Ahzab là sílẹ̀ ni pé kí a máa fi orúkọ bàbá tó bí ọmọ pè é, kí ìran rẹ̀ má baà parẹ́. Kafala ni wọ́n ń pe irú ìtọ́jú yìí, Àdéhùn 1989 sì dárúkọ rẹ̀ lára ọ̀nà tó tọ́. Ọmọ náà kì í pín ogún bí ọmọ bíbí, ṣùgbọ́n alágbàtọ́ lè kọ ọ́ sínú wásíyà, níwọ̀n bí kò bá ti ju ìdá kan nínú mẹ́ta ohun ìní lọ.

Lábẹ́ Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé, bí òbí tó sọ ọmọ dọmọ bá kú láìṣe ìwé ìhágún, ọmọ náà ń jogún bí ọmọ bíbí. Síbẹ̀, àbúrò olóògbé lè dìde pé ọmọ yìí kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ àwọn, pàápàá bí ó bá kan ilẹ̀ ẹbí. Òbí tó bá gbọ́n yóò ṣe ohun méjì nígbà tó wà láàyè: yóò kọ ìwé ìhágún, yóò sì mú ọmọ náà han ẹbí ní gbangba, pẹ̀lú ìsọmọlórúkọ.

8.10 Ẹ̀kọ́ kan láti Ìlú Ọba

Láti nǹkan bí 1955, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Nàìjíríà tó wà ní Ìlú Ọba bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọmọ fún àwọn ìdílé aláwọ̀ funfun tọ́. Wọ́n ń kàwé lọ́sàn-án, wọ́n ń ṣiṣẹ́ lálẹ́, inú yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń gbé. Wọ́n ń polówó nínú ìwé ìròyìn *Nursery World*, wọ́n sì ń san owó ọ̀sẹ̀ fún ẹni tó bá gba ọmọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ, púpọ̀ nínú wọn ọmọ Yorùbá, ló dàgbà báyìí. Àwọn kan rí ìfẹ́ tòótọ́. Àwọn mìíràn jìyà. Òṣèré Adewale Akinnuoye-Agbaje, tí a bí ní 1967, tí wọ́n sì gbà tọ́ ní Tilbury, fi ìtàn ara rẹ̀ ṣe fíìmù *Farming*, tó jáde ní 2018.

Ìgbàtọ́ inú ẹbí ni àwọn òbí náà rò pé àwọn ń ṣe, bí wọ́n ti mọ̀ ọ́n nílé. Ṣùgbọ́n igba ojú tó ń wo ọmọ nílé kò sí ní Tilbury. Nígbà tí ọmọ ọdún mẹ́jọ kan láti Côte d'Ivoire, Victoria Climbié, kú ní London ní 2000 lọ́wọ́ ìbátan tí wọ́n fà á lé àti ọ̀rẹ́kùnrin ìbátan náà, ìwádìí Lord Laming tú àṣìṣe àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba síta ní 2003, òfin tuntun sì tẹ̀ lé e ní 2004. Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ tọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 fún ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀, tí kì í sì í ṣe ìbátan tímọ́tímọ́ rẹ̀, gbọ́dọ̀ sọ fún káńsù, káńsù sì gbọ́dọ̀ lọ wo ọmọ náà. Ẹni tó bá ń fi ọmọ ránṣẹ́ sí ojúlùmọ̀ ní Ìlú Ọba yẹ kí ó mọ èyí.

8.11 Sísọ òtítọ́ fún ọmọ

Ọ̀pọ̀ òbí ń fẹ́ kí ọmọ má mọ̀ láé. Wọ́n kó lọ sí àdúgbò tuntun, wọ́n sì mú kí ẹbí búra. Ṣùgbọ́n kò sí àṣírí tí kì í tú. Bí ọmọ bá gbọ́ ọ lẹ́nu aládùúgbò lọ́jọ́ ìjà, tàbí lẹ́nu àbúrò bàbá níbi ìpín ogún, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbí nìkan ni yóò dùn ún. Yóò máa rò ó pé àwọn tó fẹ́ràn òun jù ló ti ń parọ́ fún òun.

Bẹ̀rẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré, kí ó má baà rántí ọjọ́ kan tí kò mọ̀. Fi ọ̀rọ̀ tó yé ọmọdé sọ ọ́: kì í ṣe ikùn mi ni o ti jáde, ṣùgbọ́n èmi ni ìyá rẹ. Má ṣe bú ìyá tó bí i. Má sì sọ fún un pé ó jẹ ọ́ ní gbèsè ọpẹ́, nítorí ọmọ bíbí kì í san owó ìtọ́jú. Tọ́jú ìwé ilé ẹjọ́ àti ohunkóhun tó bá bá a wá, ìbáà ṣe aṣọ tí wọ́n fi wé e. Tirẹ̀ ni, yóò béèrè fún un lọ́jọ́ kan.

Àkótán

Ìgbàtọ́ jẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ìsọdọmọ jẹ́ títí láé. Ilé ẹjọ́ nìkan ló lè sọ ọmọ dọmọ, lẹ́yìn tí wẹ́fíà bá ti ṣe ìwádìí. Ẹbí ṣe ọmọ lóore ju ilé ìtọ́jú lọ, bí ó bá sì tètè rí i ni ó dára jù. Ọmọ rírà jẹ́ ìwà ọ̀daràn. Ọmọ tí a gbà yẹ kó mọ òtítọ́ nípa ara rẹ̀, kí ó sì ní ààbò lórí ogún.

Ìdánrawò

1. Kọ ìyàtọ̀ mẹ́ta tó wà láàárín ìgbàtọ́ àti ìsọdọmọ.
2. Ká ní ọkọ jẹ́ ẹni ọdún 44, aya rẹ̀ ẹni ọdún 39, wọ́n ti gbé ní Ìbàdàn fún ọdún mẹ́jọ, wọ́n sì fẹ́ gba ọmọbìnrin ọmọ ọdún 19. Ṣé òfin gbà wọ́n láàyè? Sọ ìdí méjì.
3. Obìnrin ẹni ọdún 36 kan tí kò ṣègbéyàwó fẹ́ gba ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́rin. Kí ni òṣìṣẹ́ wẹ́fíà yóò sọ fún un?
4. Kí ni ìwádìí Bucharest kọ́ wa nípa àkókò tó yẹ kí ọmọ rí ẹbí?
5. Bi àgbàlagbà kan nínú ẹbí rẹ léèrè nípa ọmọ kan tí wọ́n gbà tọ́ nílé yín nígbà kan. Láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, kọ ojú ìwé méjì lórí ohun tó ṣe ọmọ náà lóore àti ohun tí òfin òní ìbá ti ṣe lọ́nà mìíràn.
6. Iṣẹ́ ẹgbẹ́: Ẹ jíròrò gbólóhùn yìí nínú kíláàsì: "Oṣù 12 ti pẹ́ jù fún ẹni tó ń wá ọmọ." Kí ẹgbẹ́ kan sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí olùbéèrè, kí èkejì sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ.